Bí ẹ ṣe lè overclock Ryzen 5 5600X kí géèmù má kọsẹ̀ mọ́, kí sítírímù má sì máa já

Overclock ni kí èèyàn mú kí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ryzen 5 5600X jẹ́ CPU ti AMD. Bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí: wọ́n á wọ inú BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀), wọ́n á kọ 4.7 GHz fún gbogbo core (àwọn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU), wọ́n á ki fólítéèjì 1.4 bọ̀ ọ́, wọ́n á wá máa retí kí géèmù máa lọ geere. Kò ní pẹ́ tí kọ̀ǹpútà á fi dákú láàárín eré. Èyí tí kò bá dákú á gbóná kọjá ààlà, fírémù (iye àwòrán) tó ń mú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò sì ní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Ryzen 5000 kì í ṣe CPU tí wọ́n ń so mọ́ iyàrá kan ṣoṣo. Fúnra rẹ̀ ló ń wo ìgbóná, iná tó ń wọlé àti iye core tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń pinnu bó ṣe máa sáré tó lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 5600X máa ń gun nǹkan bí 4.65 GHz bó bá jẹ́ core kan tàbí méjì ló ń ṣiṣẹ́, core kan tàbí méjì yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ géèmù gbára lé. Ẹni tó bá so gbogbo rẹ̀ mọ́ 4.5 GHz ti fọwọ́ ara rẹ̀ dín iyàrá tí géèmù nílò kù. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ fi PBO, ètò AMD tó ń gbé òpin iná CPU sókè, fún un láyè láti gòkè, kí ẹ sì fi Curve Optimizer dín fólítéèjì core kọ̀ọ̀kan kù díẹ̀díẹ̀.

5600X lórí motherboard B550 ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín. Bákan náà ni ẹ máa ṣe é fún 5600, 5700X àti 5800X, nọ́ńbà iná, iye core àti iyàrá ló lè yàtọ̀. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lórí 5800X3D, torí AMD ti ti ìyẹn pa.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Motherboard B450, B550, X470 tàbí X570. A520 kì í gbà kí wọ́n overclock CPU, ẹ má fi owó ṣòfò lórí rẹ̀.
- Cooler tó ga, tó ní páìpù ìtutù mẹ́rin àti fáànù 120 mm, irú bíi DeepCool AK400. Wraith Stealth tó bá 5600X wá nínú páálí kò lè gbé iṣẹ́ yìí.
- Thermal paste (èyí tó ń gbé ooru láti ara CPU lọ sí cooler) gidi bíi Arctic MX-4, àti ìwé ìnujú pẹ̀lú isopropyl alcohol láti fi nu èyí tó ti gbẹ.
- RAM DDR4-3600 méjì tó jọra, 8 GB méjì tàbí 16 GB méjì, CL16 tàbí CL18.
- Power supply gidi, ó kéré tán 550 W. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 750 W sí lára, tó sì fúyẹ́ bí ìwé, ló máa ń kọ́kọ́ já èèyàn kulẹ̀.
- Flash drive kan tí ẹ ti fọ́máàtì sí FAT32.
- HWiNFO64 (ó ń fi ìgbóná àti iyàrá hàn), Cinebench R23 (ó ń wọn agbára CPU), CoreCycler (ó ń dán core wò), MemTest86 (ó ń dán RAM wò), CapFrameX (ó ń wọn fírémù) àti OBS Studio (fún sítírímù). Ẹ lè lo gbogbo wọn lọ́fẹ̀ẹ́.
- UPS, tàbí ínfátà tí ẹ fọkàn tán.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé AMD sọ ọ́ gbangba pé gáráǹtì àwọn kò bo ohun tí overclock bá bà jẹ́. PBO náà wà nínú rẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ wádìí ohun tó ń fa ìkọsẹ̀ náà

Ẹ má kánjú fo ibí yìí. Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo CPU ni kì í ṣe CPU ló ń dà láàmú.

Ẹ ṣí géèmù yín, kí ẹ wo iye tí GPU (káàdì àwòrán) ń lò nínú HWiNFO64. Bó bá dúró sí 97 sí 99% ní gbogbo ìgbà, GPU ló ti dé òpin agbára rẹ̀, overclock CPU kò ní fi fírémù kankan kún un. Ẹ dán an wò lọ́nà kejì: ẹ gbé géèmù láti 1080p wá sí 720p. Bí fírémù bá fò sókè, GPU ni. Bó bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, CPU tàbí RAM ló ń fà sẹ́yìn, ẹ sì lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Fún sítírímù, ẹ ṣí Stats nínú OBS, lábẹ́ Docks. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. "Frames missed due to rendering lag" ń sọ pé GPU ti kún. "Skipped frames due to encoding lag" ń sọ pé ohun tó ń ṣe encode (ìfúnpọ̀ fídíò) kò lè yára tó, bó bá sì jẹ́ x264 (encode tí CPU ń ṣe) ni ẹ ń lò, CPU nìyẹn. "Dropped frames" ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló já. Kò sí overclock tó lè wo íntánẹ́ẹ̀tì sàn.

Ẹ wá wọn ohun tí ẹ ní báyìí. Ẹ yan ibì kan nínú géèmù tí ẹ lè tún rìn já bákan náà, kí ẹ fi CapFrameX gba 60 ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kọ fírémù àgbéwọ̀n (average) sílẹ̀, ẹ kọ "1% low" náà, ìyẹn iye fírémù nígbà tó lọ sílẹ̀ jù. Èyí kejì yẹn ni ojú máa ń rí bí ìkọsẹ̀, òun sì ni ẹ ń lé. Ẹ tún jẹ́ kí Cinebench R23 sáré fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ kọ iye tó mú wá àti ìgbóná tó ga jù. 5600X tí wọn kò fọwọ́ kàn máa ń wà ní àyíká 11,000.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti ní nọ́ńbà mẹ́rin lórí ìwé: fírémù àgbéwọ̀n, 1% low, iye Cinebench, ìgbóná. Bí kò bá sí wọn, ẹ kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín yọrí sí rere.

Ìpele 2: BIOS àti ìtutù

BIOS tó ti wà ṣáájú òpin ọdún 2020 kì í ní Curve Optimizer, nítorí náà ẹ gba tuntun láti ojú ewé motherboard yín gan-an. Ẹ kà á dáadáa: B550M àti B550 kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ gbé fáìlì náà sórí flash drive, kí ẹ fi irinṣẹ́ inú BIOS fúnra rẹ̀ gbé e wọlé.

Ìkìlọ̀: bí iná bá lọ láàárín ìgbà tí BIOS ń yí padà, motherboard lè kú pátápátá. Ẹ má ṣe é lórí iná ìjọba nìkan, ẹ má sì ṣe é nígbà tí ẹ ń retí kí wọ́n yí jẹnẹrétọ̀ padà. Ẹ so ó mọ́ UPS tàbí ínfátà tó kún.

Ó kan cooler. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ti àtijọ́, ẹ lo kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí thermal paste rọ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ yọ wáyà iná rẹ̀. Ẹ wá yí cooler lọ sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi tú, kí ẹ tó gbé e sókè. Ẹni tó bá fà á sókè tààrà lè fa CPU tu kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 pẹ̀lú rẹ̀, torí ẹsẹ̀ wínníwínní abẹ́ CPU ni sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn dì mú. Ẹsẹ̀ kan tó bá tẹ̀, ìyọnu ńlá ni.

Ẹ nu ojú CPU mọ́ tónítóní. Ẹ fún thermal paste sí àárín rẹ̀, kó tóbi tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Ẹ yọ ọ̀rá tó bo ìdí cooler tuntun. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ọ̀rá yìí, tí wọ́n á wá máa bú cooler. Ẹ yí súkúrù rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, díẹ̀ nísìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kó lè balẹ̀ dọ́gba.

Ohun kan tún wà tí fídíò àwọn aláyẹ̀wò kì í sọ: yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é máa ń wà ní 21 sí 23°C. Yàrá tí kò ní éà-kọ̀ńdíṣọ̀n n'Ibadan tàbí l'Ékòó nínú oṣù kẹta lè kọjá 32°C. Ìgbóná CPU yín á fi bí 10°C ga ju tiwọn lọ lórí nọ́ńbà kan náà. Ẹ má tìtorí ẹ̀ bẹ̀rù, ẹ má sì kó nọ́ńbà wọn wọlé wọ̀ǹtìwọnti. Eruku ọyẹ́ náà ń dí abẹ̀bẹ̀ irin cooler, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún.

*Àyẹ̀wò:* ẹ jẹ́ kí Cinebench R23 sáré fún ìṣẹ́jú 10 láìyí ohunkóhun padà. Pẹ̀lú cooler tó ga, kò yẹ kí 5600X kọjá 75°C, kódà nínú yàrá gbígbóná. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, cooler kò jókòó dáadáa. Ẹ tún un gbé kalẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìpele 3: RAM ṣáájú CPU

Lórí Ryzen, RAM tó ń sáré bó ṣe yẹ lè wo ìkọsẹ̀ ju gbogbo ohun tí ẹ máa fi PBO ṣe lọ. Bí ẹ bá ki RAM 3600 bọ inú kọ̀ǹpútà lásán, 2133 tàbí 2400 tàbí 2666 ló máa ń sá títí ẹ ó fi tan XMP, ètò BIOS tó ń jẹ́ kí RAM sá dé iyàrá tí wọ́n kọ sí i lára. ASUS ń pè é ní DOCP.

Ihò kejì àti ìkẹrin, bí ẹ bá ń kà láti ẹ̀gbẹ́ CPU, ni RAM méjì ń wọ̀. Ẹ tan XMP, kí ẹ rí i pé FCLK (iyàrá ọ̀nà inú CPU tó ń gbé dátà lọ bọ̀ pẹ̀lú RAM) jẹ́ 1800 MHz, kó lè bá RAM 3600 rìn ní ọgbọọgba. Bí wọn kò bá rìn ní ọgbọọgba, RAM á máa pẹ́ kó tó dáhùn, èrè XMP á sì lọ. Ẹ má lé 1900 síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ 5600X kì í gbé e láìṣe àṣìṣe.

*Àyẹ̀wò:* HWiNFO64 á fi nǹkan bí 1800 MHz hàn fún RAM. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni DDR ń ṣiṣẹ́ nínú ìgbì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà láti orí flash drive tí MemTest86 wà, kí ẹ jẹ́ kó yí po lẹ́ẹ̀mẹrin. Àṣìṣe ẹyọ kan péré, ẹ dín in sí 3466 tàbí 3200. Bí RAM kò bá dúró ṣinṣin báyìí, gbogbo ìdákú tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la ni ẹ máa dá Curve Optimizer lẹ́bi fún, ẹ kò sì ní rí ìdí rẹ̀ láéláé.

Ìpele 4: PBO

Nínú BIOS, ẹ wá mẹ́nù AMD Overclocking, ẹ gbà sí ìkìlọ̀ rẹ̀, kí ẹ ṣí Precision Boost Overdrive, kí ẹ gbé e sí Advanced, kí Limits jẹ́ Manual. Ẹ kọ ìwọ̀nyí:

- PPT (àpapọ̀ agbára iná): 110 W (76 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀)
- TDC (iná nígbà iṣẹ́ pípẹ́): 75 A (60 tẹ́lẹ̀)
- EDC (iná nígbà tó bá fò sókè lójijì): 110 A (90 tẹ́lẹ̀)
- Scalar: ẹ fi sílẹ̀ ní Auto
- Max CPU Boost Override: 0 ná
- Thermal Throttle Limit: 85

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe pọ̀ níhìn-ín. Wọ́n á yan "Motherboard" fún Limits, motherboard á sì fún CPU ní nọ́ńbà iná tó pọ̀ kọjá ohun tí ìtutù lè gbé. Ìgbóná nìkan ni wọ́n máa rí jẹ. Àwọn mìíràn á kọ nọ́ńbà yìí sínú mẹ́nù PBO ti ilé iṣẹ́ motherboard, wọ́n á tún kọ òmíràn sínú ti AMD, méjèèjì á wá máa ta ko ara wọn. Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ìyókù wà ní Auto. Ẹ má tan Game Boost tàbí irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan CPU Core Voltage.

Ẹ lè rí 1.45 V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú HWiNFO64 nígbà tí kọ̀ǹpútà kò ṣe nǹkan kan. Ẹ fọkàn balẹ̀. Core kan ló ń fò sókè fún ìgbà díẹ̀ lórí iná tín-ín-rín, bí AMD ṣe ṣe é nìyẹn. 1.45 V tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún gbogbo core, nígbà tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, ló ń ba CPU jẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Cinebench fún ìṣẹ́jú 10. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ti ìpele 1 lọ, CPU Package Power gbọ́dọ̀ kọjá 76 W, ìgbóná kò sì gbọ́dọ̀ kan 85. Bó bá kàn án, ẹ dín PPT sí 95.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá tàn mọ́

Ẹ mọ èyí kí ẹ tó wọ ìpele tó kàn. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó kù sínú rẹ̀ lọ. Ẹ wá ẹsẹ̀ irin méjì kékeré lórí motherboard tí wọ́n kọ JBAT1, CLRTC tàbí CLR_CMOS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi orí súkúrúdíráfà kan méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yọ bátìrì CR2032 fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo ètò BIOS á padà sí bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́.

Ìpele 5: Curve Optimizer

Iṣẹ́ gidi wà níbí. Curve Optimizer ń sọ fún core kọ̀ọ̀kan pé kó fi fólítéèjì tó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá ṣe iyàrá kan náà. Ìwọ̀n kan lórí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3 sí 5 mV. Fólítéèjì tó dín kù ń dín ìgbóná kù, ààyè tó ṣẹ́ kù sì ni CPU máa fi sáré sí i.

Àwọn core mẹ́fà yìí kò rí bákan náà. HWiNFO64 ń tò wọ́n láti orí èyí tó dára jù, ó ń kọ "perf #1", "perf #2" sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn méjì tó dára jù yìí ni ẹ máa fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú, torí láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fún wọn ní fólítéèjì tó kéré. Ààyè tó kù lára wọn kò pọ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló sábà máa ń gbà kí ẹ gbé wọn lọ jìnnà.

1. Ẹ yan Per Core, kí àmì rẹ̀ jẹ́ Negative. Ẹ kọ 5 fún core méjì tó dára jù, 10 fún mẹ́rin yòókù. Ẹ má yan All Core, kí ẹ sì fò sí 30 lẹ́sẹ̀ kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ fídíò ń kọ́ni nìyẹn, òun ló sì ń fa ìdákú tí wọn kì í mọ ìdí rẹ̀.

2. Ẹ wọ Windows, ẹ pa gbogbo ohun mìíràn, kí ẹ ṣí CoreCycler. Ó máa ń fi iṣẹ́ lé core kan ṣoṣo lórí, á kúrò, á bọ́ sí òmíràn. Fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà fún core kọ̀ọ̀kan ti tó.

3. Bí gbogbo wọn bá yege, ẹ padà sí BIOS, ẹ fi 5 kún àwọn mẹ́rin, 3 kún àwọn méjì, kí ẹ tún un ṣe.

4. Bí CoreCycler bá kọ ọ́ pé core 2 ṣe àṣìṣe, òun nìkan ni kí ẹ dín. Bó bá jẹ́ 20 ni, ẹ gbé e wá sí 17. Láti òdo ni wọ́n ń kà: core 2 ni ẹ̀kẹta.

5. Nígbà tí olúkúlùkù bá ti dé òpin rẹ̀ tàbí tó kan 30, ẹ dín nọ́ńbà gbogbo wọn kù ní 2 sí 3, kí CoreCycler wá sáré láti alẹ́ mọ́jú.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: ẹ má fi Cinebench dán Curve Optimizer wò. Nígbà tí gbogbo core ń ṣiṣẹ́, iyàrá wọn kì í ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà gbogbo nǹkan á dúró digbí. Àìsàn rẹ̀ máa ń jáde nígbà tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, tí core kan ṣoṣo fò dé ibi tó ga jù. Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí Chrome ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ á kàn tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí Event Viewer, Windows Logs, System, kí ẹ wá WHEA-Logger (àkọsílẹ̀ tí Windows ń ṣe nípa àṣìṣe hardware) tó ní Event ID 18. APIC ID tó wà nínú rẹ̀ máa ń tọ́ka sí core náà: ẹ pín in sí méjì. 0 àti 1 jẹ́ core 0, 2 àti 3 jẹ́ core 1, bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 10 àti 11 tó jẹ́ core 5. Ẹ dín ti core yẹn ní 3 sí 5. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́jú nígbà tó kú, tí kò sì sí WHEA kankan, iná ló pa á. Ẹ má tìtorí ẹ̀ ba nọ́ńbà tí ẹ ti fara ṣiṣẹ́ fún jẹ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi Effective Clock wé Core Clock nínú HWiNFO64 nígbà tí CoreCycler ń fi iṣẹ́ lé core kan lórí. Kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí Core Clock bá ń pariwo 4.65 GHz tí Effective Clock wà ní 4.4, fólítéèjì ti kéré jù, CPU ń rọra fa ẹsẹ̀ kó má baà ṣubú. Kò dákú, ṣùgbọ́n èrè yín ti lọ. Ẹ dín nọ́ńbà core náà.

Ìgbà tó bá ti dúró ṣinṣin ni kí ẹ tó fọwọ́ kan Boost Override. Ẹ fi 100 MHz sí i, kí ẹ tún CoreCycler sáré láti ìbẹ̀rẹ̀, torí iyàrá tuntun ń jẹ lára ààyè tí ẹ ti fi sílẹ̀. Bó bá gbà, ẹ lè dé 200, tó túmọ̀ sí 4.85 GHz. Bí core kan bá kọ̀ ọ́, ẹ dín òdì rẹ̀ kù tàbí kí ẹ dúró sí 100. Ojú kò lè dá ìyàtọ̀ 100 MHz mọ̀ nínú géèmù. Ìdákú kan ni ojú máa rí.

Ìpele 6: OBS pẹ̀lú géèmù

Bí ẹ bá ní káàdì NVIDIA tó ní NVENC (encode tí káàdì fúnra rẹ̀ ń ṣe), òun ni kí ẹ yàn fún encode, kí CPU ráyè gbọ́ ti géèmù. Core mẹ́fà kò tó láti gbé géèmù ńlá pẹ̀lú x264 medium. Bó bá di dandan kó jẹ́ x264, ẹ má yan preset tó wúwo ju veryfast lọ. Fún Twitch ní 1080p60, ẹ lo CBR (iye dátà tí kì í yí padà), 6000 Kbps, keyframe 2. Ẹ fi Run as administrator ṣí OBS, kí Windows lè fún un ní ìpín tirẹ̀ lára GPU, kí ẹ sì fi ààlà sí iye fírémù géèmù kí GPU má máa wà ní 99%. Èyí nìkan ti mú "rendering lag" kúrò fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ tún rìn já ibi tí ẹ yàn ní ìpele 1, lẹ́ẹ̀mẹta, kí OBS wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi 1% low wé ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe sítírímù tàbí ìgbàsílẹ̀ wákàtí méjì gbáko, kí ẹ wo Stats: rendering lag àti encoding lag kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.1%, kò sì gbọ́dọ̀ sí WHEA kankan nínú Event Viewer.

Ẹ wá fi ètò BIOS pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi profile, kí ẹ tún fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé PBO àti Curve Optimizer. Bí ẹ bá gbé BIOS tuntun wọlé lọ́jọ́ iwájú, ẹ má gbé profile àtijọ́ lé e lórí, torí ó lè da ètò rú. Inú fọ́tò yẹn ni kí ẹ ti fọwọ́ kọ ọ́ padà, kí ẹ sì jẹ́ kí CoreCycler tún sáré mọ́jú, nítorí nọ́ńbà tí BIOS kan gbà lè má wọ èyí tó tẹ̀ lé e.